Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Ojú Pẹ́nì Méjì

Dúró ná, Jodelle, má tíì jù ú sínú àpótí owó.
Yí i padà. Da orí ọbabìnrin délẹ̀.
Kí lo rí?
O ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni.
Gbogbo Jamestown ló mọ̀ pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni.
Mo ní, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ta ni?

Tèmi ni.
Sájẹ́ńtì lorúkọ rẹ̀. Bàbá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀,
torí àṣẹ tara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.
Ajá fa etí òsì rẹ̀ ya ní Blue Hill, lọ́dún ọ̀dá.
Gbé e sún mọ́ iná, wò ó dáadáa: ṣé etí yẹn pé?
O ò rí nǹkan kan.
Ojú ọmọ ogún ọdún, kí ló fẹ́ rí?

Igi ìdáná tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn,
èmi ni mo ṣẹ́ ẹ, èmi ni mo dì í,
ní ìdájí, tí kùrukùru ṣì lẹ̀ mọ́ òkè
bí aṣọ tí a fọ̀ tí a kò fún.
A ó gòkè, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó tún gòkè.
Níbi tó bá wu Sájẹ́ńtì ló máa dúró sí.
O nà án, kò lọ.
O bẹ̀ ẹ́, kò lọ.
Tó bá wá tó àkókò lójú tirẹ̀, á gbẹ́sẹ̀,
bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìrìn rí.

Ọ̀kan nínú irú ìdúró bẹ́ẹ̀ la wà
tí ọkùnrin kan dé, àlejò, pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì.
Ó jókòó sórí òkúta, ó ń ya wa.
Kò bi mí lórúkọ.
Ó ní kí n jọ̀ọ́ sún kúrò níwájú oòrùn.
Mo sún.
Ìdí nìyẹn tí n kò fi sí lójú owó.
Wo etí rẹ̀ níbí, níbi tí bàbà ti parí:
ọwọ́ mi wà lẹ́yìn ibẹ̀, ó di ìjánu mú.

Stedson àbúrò mi ní irọ́ ni mò ń pa,
pé ilé wo ni kò ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nígbà náà?
Opó Crowie ní Half Tree Hollow
ti búra níwájú àlùfáà pé tòun ni.
Kó máa búra. Tirẹ̀ funfun nímú.

Wọ́n ní owó ò lórúkọ. Èyí ní.

O mọ ahun òkun ojú àádọ́ta pẹ́nì?
Ilẹ̀ Brazil ló ti ń jẹun,
Ascension ló ń wá yé ẹyin sí.
Ẹgbẹ̀rin máìlì omi ló wà láàárín àwa àti Ascension,
owó kan náà la jọ ń ná,
bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń pín bàtà kan wọ̀.
Ṣùgbọ́n Ascension kọ́ lò ń lọ.

Swindon ni. Sátidé. Ìyá rẹ ti sọ fún mi.
Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́.
Níbẹ̀, ọmọ ìdí owó á yí ẹyọ yìí lẹ́ẹ̀mejì.
Orí kan náà, ìwọ̀n kan náà,
síbẹ̀ á ní, kí lèyí? Á tì í padà sí ọ.
Má bá a jà. Má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù fún un,
èrò á ti tò sẹ́yìn rẹ.
Fi í sápò.
Ẹyọ tí a kò lè ná ló ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ó dáa. Búrẹ́dì kan, ẹja inú agolo méjì. Eélòó?
Ṣẹ́ńjì mi ku pẹ́nì méjì, mo mọ̀.
Mo ní kí o mú un.
Má tì í sí mi, Jodelle.
Sájẹ́ńtì kò fẹ́ kí wọ́n máa ti òun.
Bó bá fẹ́ dúró, á dúró.
Bó bá fẹ́ lọ,
á gbẹ́sẹ̀.